Ọkọ̀ Gbọ́dọ̀ Mí Kí Ó Tó Sùn

Gbogbo àdúgbò wa ní Òkè Gàdà, ní Ẹdẹ, ló mọ̀ pé bí wọ́n bá ti pe ìrun Màgáríbì, Naimat, ìyá Salman, yóò fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀, yóò lọ ṣí géètì. Kò sí ẹni tó ń bọ̀. Yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò dúró díẹ̀, yóò tún un tì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ wọ ọdún kẹrin. Àwọn ọmọ kan ti ń pe géètì náà ní géètì òkú, mo sì ti gbá ọ̀kan nínú wọn létí nítorí rẹ̀. N kò tíì kábàámọ̀ ìgbátí yẹn.

Ògiri kan ló pààlà ilé tèmi àti tirẹ̀. Tíṣà ni mí, Onítẹ̀bọmi ni mí, n kì í gba ìtàn iwin gbọ́. Naimat ní tirẹ̀ jẹ́ aránṣọ. Òun ló ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún ìdajì àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, ó sì máa ń há abẹ́rẹ́ sẹ́nu bú àwọn oníbàárà tó bá ń kán an lójú. Bí o bá sọ fún un pé ọ̀la lo fẹ́ gba aṣọ, á ní kí o lọ bá ọ̀la kó rán an fún ọ. Ẹ̀rín rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. Ẹ̀rín yẹn ti dín kù.

Ọkọ rẹ̀, Mansur, awakọ̀ ni. Bẹ́lmọ̀ aláwọ̀ eérú kan ló fi ń kó èrò lọ sí Ìwó. Ilé iṣẹ́ Bẹ́lmọ̀ ti ń ṣe ọkọ̀ kí wọ́n tó bí ìyá mi, ariwo ọkọ̀ wọn ò sì jọ ti ẹlòmíràn. Ńṣe ló ń hùn bí àgbàlagbà tó jẹun yó. Mansur wá ní òfin kan. Bí ó bá gúnlẹ̀ síwájú géètì, kì í pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Yóò jókòó sínú rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì máa rọra hùn, yóò tẹ epo fún un lẹ́ẹ̀mejì, fùùn, fùùn, yóò jẹ́ kí ó rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó pa á. "Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mí kí ó tó sùn," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Ẹni tó bá lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un kí ó tó mí tán, ìyàwó ni o, ọmọ ni o, yóò gba èébú. Nítorí náà, Naimat kì í dìde nídìí máṣìnnì títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dákẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì kan, ọkọ̀ dé, Naimat sì gbọ́ ọ. Ó ń rán ọrùn aṣọ lọ́wọ́, ó ń retí kí ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó rán ọrùn tán, ó kan apá kan mọ́ ọn. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bóyá ìrìn tòní pọ̀, kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ mí dáadáa. Ẹni tó ń kọjá lọ ló kígbe. Mansur ti dorí kọ sítíárìn, ẹ̀mí ti bọ́, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń hùn lábẹ́ rẹ̀. Nínú igbe àti ìrọ́kẹ̀kẹ̀, ẹnì kan nawọ́ wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Naimat ò gbọ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì kú.

Láti ìgbà náà ló ti ń gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá Ìfẹ́, ó máa ń dé, ó máa ń hùn, kì í kú. Tí mo bá ṣí géètì ni mi ò ní í gbọ́ ọ mọ́. Bí mo bá lè gbọ́ kí ó mí, kí ó sì kú, lẹ́ẹ̀kan péré, màá sinmi."

Ọkọ̀ náà ṣì wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi káṣú. Mo ní ṣebí Teslim mẹkáníìkì wà, kó wá tan án, kó sì pa á lójú rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

"Bí wọ́n bá tan án, tí Bàbá Salman ò sí nínú rẹ̀ ńkọ́?"

Tíṣà ni mí o, àmọ́ ẹ̀wà ni mo dojú kọ.

Lọ́dún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ Bẹ́lmọ̀ tún dìde. Salman, ọmọ wọn, ń ṣiṣẹ́ ní Èkó lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ náà. Ó wá sọ fún wa pé Bẹ́lmọ̀ fẹ́ gbé jíìpù tuntun jáde, jíìpù asáré tí kò ní í mu epo rárá, iná mànàmáná ni yóò máa lò. Mo ní, "Ní Ẹdẹ wo? Ẹdẹ tí wọ́n ń fi iná hàn wá lásán bí ẹni ń fi ẹran han ajá?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wàhálà kan ló kù: ọkọ̀ náà kì í dún. Àwọn tó fẹ́ràn eré ní ọkọ̀ tí kò bá hùn kò dùn ún wà, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ò sì ní í mọ̀ pé ó ń bọ̀. Bẹ́lmọ̀ wá ń wá ohùn ọkọ̀ àtijọ́ wọn, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí wọ́n gbà á sílẹ̀, kí sípíkà jíìpù tuntun máa gbé e jáde.

"Màámi, ti bàbá mi ni mo fẹ́ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ máa sọ bóyá kí n ṣe é."

Naimat ní kí wọ́n máa ṣe é, ṣùgbọ́n òun ò ní í sí nílé. Lọ́jọ́ tí Teslim wá jí ọkọ̀ náà, ìlú Awo lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ló sá lọ. Èmi náà wà nílé ìwé. Nígbà tí a fi dé, ọkọ̀ ti padà sábẹ́ igi, Salman ti gbé ohùn rẹ̀ lọ sí Èkó.

Oṣù bíi mélòó kan kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo gbé kaba Ìfẹ́olúwa ọmọ mi lọ bá Naimat kó bá mi tú etí rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìrun ni. Mo gbọ́ ọ.

Ó ń hùn níwájú géètì. Mo mọ ohùn yẹn, ohùn Bẹ́lmọ̀ Mansur ni, kì í ṣe ti ọkọ̀ mìíràn. Irun orí mi dìde. Ẹ̀rù bà mí, n kò lè purọ́. Gbogbo ẹnu tí mo fi ń sọ pé kò sí iwin gbẹ táútáú.

Naimat yíjú sí mi. "O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

Ọdún kẹrin tó ti ń dá a gbọ́ nìyẹn. Mo rò pé yóò jókòó dúró kí ọkọ̀ mí tán, bí ìṣe rẹ̀ nígbà ayé Mansur. Kò dúró. Ó ti máṣìnnì ṣubú, ó fi ẹsẹ̀ lásán sáré jáde, mo tẹ̀ lé e. Jíìpù pupa kan ló wà níta. Ohùn náà ń ti inú rẹ̀ jáde. Awakọ̀ sì wà níbẹ̀, ó doríkodò lórí sítíárìn.

Naimat já ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Ó di ẹni náà ní èjìká méjèèjì, ó gbọ̀n ọ́n, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn láyà.

"Ṣé o ń mí? Dá mi lóhùn! Ṣé o ń mí?"

Salman ni. Fóònù ló ń tẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ó fẹ́ fi ọkọ̀ náà ya ìyá rẹ̀ lẹ́nu ni kí wọ́n tó gbé e jáde ní Òṣogbo lọ́jọ́ kejì. Kò sì sọ̀ kalẹ̀, nítorí ọmọ Mansur ni òun náà. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó mí.

"Màámi, èmi ni. Èmi ni. Mò ń mí."

Ìyá rẹ̀ ò gbé ọwọ́ kúrò láyà rẹ̀. "Pa á," ó ní.

Salman tẹ bọ́tìnì kan. Teslim ti bá Mansur ṣiṣẹ́ pẹ́, ó mọ bí baba náà ṣe ń pa ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe pa á lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn rẹ̀. Fùùn. Fùùn. Ohùn náà rọlẹ̀, ó rọra ń falẹ̀, ó dákẹ́.

Naimat jókòó sórí ilẹ̀pa. "Ó ti sùn," ó ní. Ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, àwa méjèèjì ò sì bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Salman gbé jíìpù rẹ̀ lọ. Wọ́n pe ìrun Màgáríbì. Mo dúró létí ògiri, mò ń retí kí géètì dún. Kò dún. Nígbà tí ó pẹ́, mo lọ bá a. Ó jókòó nídìí máṣìnnì, kò rán nǹkan kan.

"Ìyá Ìfẹ́, Bàbá Salman ò wá o."

Mo ní, "Ṣebí ohun tí o ń tọrọ nìyẹn."

"Òun ni." Ó fi etí híjáàbù nu ojú. "Mi ò mọ̀ pé ohùn yẹn nìkan ló ṣẹ́kù fún mi lára rẹ̀."