Ìlà Tí Òdìkejì Bá Tò Sí

Ẹni tó bá mọ Òdìkejì kò ní ṣàì gbọ́ ti ọjọ́ káàdì. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe káàdì ìdánimọ̀ ni, fèrèsé méjì, ìlà méjì, ooru ń mú gbogbo èèyàn. Ọkùnrin tí à ń wí yìí, atúnẹ̀rọṣe nílé ìtẹ̀wé, wọlé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó họ orí, ó sì tò sí òsì. Ẹnì kan níwájú bojú wẹ̀yìn, ó sì fi igbe ta.

"Yéè! Òdìkejì ló dé yìí o!"

Ẹ wá wo eré. Àwọn ará àdúgbò àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ya sí ìlà ọ̀tún gìrìgìrì. Àwọn tí kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rí náà tẹ̀ lé wọn, nítorí pé wọ́n rí ogún èèyàn tó ń sá, wọn ò sì fẹ́ dúró béèrè. Láàárín ìṣẹ́jú kan, òun nìkan ló kù níwájú fèrèsé òsì.

"Bàbá, ẹ sún mọ́bí," ni akọ̀wé wí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò dé ojú fèrèsé láìdúró rí. Àyà rẹ̀ já débi pé ó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Nígbà tó máa rántí, akọ̀wé ti gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. "Ti ọdún tó kọjá lẹ mú wá yìí o, bàbá. Ẹ lọ gba tuntun lókè." Kó tó gun àtẹ̀gùn lọ, kó sọ̀ bọ̀, wọ́n ti ti fèrèsé òsì pa, akọ̀wé ti lọ jẹun. Ìlà ọ̀tún ń lọ ní tirẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Orúkọ yẹn kò ṣàdédé bá a. Bọ́ọ̀sì tó bá wọ̀, táyà rẹ̀ á bẹ́. Ọjọ́ tó bá gbé agboòrùn, ojú ọ̀run á mọ́ kedere. Ọjọ́ tó bá fi í sílé, ẹ sáà ká aṣọ yín wọlé kíákíá. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun, tí méjì wà nílẹ̀ tí wọn ò mọ èyí tí wọn ì bá mú, ọ̀gá ránṣẹ́ pè é. Ó fọwọ́ kan èyí, ó fọwọ́ kan tọ̀hún, ó gbá ọ̀kan lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Èyí ló wù mí, sà." Ọ̀gá dúpẹ́, ó sì ra ìkejì. Ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀rọ náà fi ṣiṣẹ́ tí kò yọnu.

Ẹ má sì rò pé ó ń bínú. Ó ń fi ṣe fáàrí ni! "Ṣé ẹ rò pé ó rọrùn?" ló máa ń wí, tó bá jókòó tí àwọn ọ̀dọ́ ilé iṣẹ́ yí i ká. "Ẹni tí nǹkan ń bọ́ sí fún lónìí, tí kò bọ́ sí fún lọ́la, ta ló lè gbára lé irú ẹni bẹ́ẹ̀? Èmi, mi ò yẹ̀ rí." Á wá gbé àyà síwájú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ipò.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá iwájú ilé wọn, mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó ju gbogbo ayé lọ. Tó bá fẹ́ ra òwú, á na méjì sí i. "Ọkọ mi, èwo ló dáa nínú wọn?" Èyí tó bá nawọ́ sí, á dá a padà. Tí wọ́n bá sì ń rìnrìn àjò, ọkọ fúnra rẹ̀ ló máa ń tì í lọ. "Ìyàwó, wọ bọ́ọ̀sì kejì. Dá mi dá tèmi, jọ̀ọ́." Obìnrin á wọ tirẹ̀, á dé ní wọ́ọ́rọ́, á ra búrẹ́dì, á sì jókòó sídìí ọ̀nà máa retí rẹ̀. Wákàtí kan, wákàtí méjì, ọkọ á yọ lọ́ọ̀ọ́kán, eruku lórí, bàtà lọ́wọ́. "Ṣé mo wí fún ẹ?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń tẹnu rẹ̀ jáde.

Ọmọ kò sí láàárín wọn. Àwọn olófòófó ka ìyẹn náà mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn méjèèjì sáà ń gbé bí ọ̀rẹ́, wọ́n ń bára wọn ṣàríyànjiyàn, wọ́n ń bára wọn rẹ́rìn-ín, títí inú rírun obìnrin náà fi di ohun tí kò gbọ́ oògùn mọ́.

Dókítà kò fi bò fún wọn. Ó ní kókó kan wà nínú ikùn rẹ̀, àfi kí wọ́n yọ ọ́. "Mi ò ní tàn yín, mọ́mì. Iṣẹ́ abẹ tó le ni. Àwọn kan máa ń bọ́, àwọn kan kì í bọ́. Àyè méjì ló ṣí sílẹ̀, Ọjọ́ Ajé tàbí Ọjọ́bọ̀. Èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ sáà sọ fún nọ́ọ̀sì kí aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì tó lù."

Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà lọ́kùnrin, awakọ̀ akẹ́rù tí ohùn rẹ̀ le bíi fèrè ọkọ̀ rẹ̀, pàtẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. "Kí la wá ń dààmú fún? Ṣebí a ní Òdìkejì nílé! Kó mú ọ̀kan, ká mú ìkejì. Ó parí!"

Gbogbo wọn yíjú sí Òdìkejì. Ẹ̀rín tó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀bùn rẹ̀ yìí, ẹ wá a tì. Ó dìde, ó jáde.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti yan ohunkóhun mọ́. Kò yan aṣọ. Èyí tó wà lókè pátápátá ló ń wọ̀. Kò yan ẹsẹ̀ tí ì bá kọ́kọ́ wọ bàtà. Ó ń fo sínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbá ògiri. Ẹ̀gbọ́n ń ṣọ́ ọ káàkiri.

"Àna, ọjọ́ wo ni kí n gbé ọkọ̀ mi wá kí o bá mi wò ó, Ajé ni àbí Ọjọ́bọ̀?"

"Ọjọ́ tó bá wù yín ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ká ní wọ́n fẹ́ fún ẹ nísinmi lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́?"

"Mi ò sinmi."

Nígbà tó yá, sùúrù ẹ̀gbọ́n tán. "Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an? Ọdún mélòó lo ti ń ṣe é fún gbogbo ayé, ó wá kan àbúrò mi, o ń fọwọ́ lẹ́rán!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ná. Mo mọ̀ pé ẹ máa mú ìkejì. Tí mo bá wá pe Ajé, ṣé Ajé ni mo mú lóòótọ́, àbí Ọjọ́bọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mú ni mo mú? Èwo nínú wọn ló máa wá bàjẹ́?"

Awakọ̀ di orí mú. "O ò gbọdọ̀ ronú! Ìwọ sáà mú!"

"Mi ò lè mú láì ronú," ni ọkùnrin náà wí, omi sì ti lé sójú rẹ̀. "Ìyàwó mi ni."

Aránṣọ gbọ́ gbogbo rẹ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n dá a dúró sí nílé ìwòsàn, nítorí pé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń jà. Ó gbọ́ bí ohùn ọkọ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbọ́ ohùn yẹn, kò gbọ́ kó gbọ̀n rí, ìyẹn sì bà á lẹ́rù ju ọ̀bẹ dókítà lọ.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ó di aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Nọ́ọ̀sì dúró ti bẹ́ẹ̀dì, ìwé lọ́wọ́, bírò lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ń rìn síwá sẹ́yìn. Òdìkejì fẹ̀yìn ti ògiri, ó pa ẹnu mọ́ bí ẹni tí ehín ń dùn.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mo ní láti fi ìwé yìí ránṣẹ́," ni nọ́ọ̀sì wí.

Aránṣọ ní kí ọkọ òun sún mọ́ òun. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ má wo ẹ̀gbọ́n. Èmi ni kí ẹ wò. Ká ní ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ ṣe é fún, tí ẹnikẹ́ni ò sì bèèrè lọ́wọ́ yín, èwo ni ọkàn yín fẹ́?"

Ó fún ẹnu pọ̀, ó fún ẹnu pọ̀, ọ̀rọ̀ ṣì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ọjọ́ Ajé. Kí ó lè tètè tán."

"Ó tán!" Ẹ̀gbọ́n fò sókè. "Ọlọ́run ṣeun! Nọ́ọ̀sì, ẹ kọ Ọjọ́bọ̀, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà!"

"Ẹ kọ Ọjọ́ Ajé," ni aránṣọ wí.

Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí kò bá wọn tan rárá, gbé orí sókè.

"Orí rẹ pé báyìí?" Ẹ̀gbọ́n ń pariwo. "Ṣé o fẹ́ kú ni?"

Ọkùnrin náà kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, lójú gbogbo èèyàn. "Jọ̀ọ́. Jọ̀ọ́, ìyàwó mi. O mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Má bá mi wọ bọ́ọ̀sì tèmi. Mú tọ̀hún."

"Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń mú tọ̀hún," ni obìnrin náà dáhùn. "Mo ń dé ibi gbogbo ṣáájú yín, mo ń jókòó sídìí ọ̀nà pẹ̀lú búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú eruku. Ojú ara mi ń tì mí. Èyí tí ẹ bá mú lèmi náà mú lónìí, ohun tó bá fẹ́ dà kó dà. Ẹ dìde, ilẹ̀ yẹn tutù."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́.

Ní Ọjọ́ Ajé, wọ́n ní wákàtí méjì ni iṣẹ́ abẹ náà máa gbà. Bẹ́ǹṣì méjì wà níwájú yàrá iṣẹ́ abẹ. Òdìkejì jókòó sórí ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n, tí kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti Ọjọ́ Ẹtì, lọ jókòó sórí ìkejì. Wákàtí méjì pé, ilẹ̀kùn kò ṣí. Wákàtí mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì kan sáré wọlé pẹ̀lú báàgì ẹ̀jẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Wákàtí mẹ́rin.

"Tí nǹkan bá ṣe àbúrò mi…" ni ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ lù mí, ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní gbá ọwọ́ yín dànù."

Awakọ̀ dìde lóòótọ́. Ó rìn wá, ó dúró lé e lórí, ó mí kanlẹ̀. Ó wá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì kan náà, èjìká kan èjìká, àwọn méjèèjì sì ń wo ilẹ̀kùn.

Ó lé díẹ̀ ní wákàtí márùn-ún kí dókítà tó jáde, òógùn bò ó. "Ta ni ọkọ rẹ̀?"

Òdìkejì fò dìde. Ẹ̀gbọ́n ti ṣáájú rẹ̀ nawọ́ sókè. "Èmi ni… rárá o, òun ni, òun ni!"

"Ó ṣòro, ṣùgbọ́n a yọ ọ́ tán. Ó ti lajú. Ó ní kí n bi yín bóyá ẹ ti jẹun."

Ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín kárí ìlú bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n náà sì bá a sun ún.

Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kọ́rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀ ṣá. Ó padà sílé ìwòsàn lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀, ó lọ wádìí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́ náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bọ́. "Kí wá ni ìtumọ̀ rẹ̀?" ló ń bèèrè, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ó tiẹ̀ dun Òdìkejì jù. Ìròyìn ti dé ilé ìtẹ̀wé. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tò sẹ́yìn rẹ̀ láìbẹ̀rù rárá. "Wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́," ló ń kùn nílé. Ó tó oṣù méjì kí táyà bọ́ọ̀sì kan tó bẹ́ mọ́ ọn nídìí lágbedeméjì ọ̀nà. "Ẹ wò ó! Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́!" ló ń kígbe, ó ń bọ awakọ̀ lọ́wọ́. Aránṣọ wà nínú bọ́ọ̀sì náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbọn eruku kúrò lára. Láti ìgbà yẹn, bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n ń wọ̀, wọn ò sì tètè dé ibikíbi mọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni Òdìkejì kú, lọ́sàn-án gangan. Ojú aránṣọ kò ríran dáadáa mọ́, ọkọ rẹ̀ ló máa ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó kì í bọ̀ ọ́, ó nà án sí i, ó fẹ̀yìn ti àga, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, yàrá iwájú kún. Wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín ń sọ gèè. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé, tó ti darúgbó báyìí, nu ojú rẹ̀. "Èèyàn dáadáa ni. Ohun tó ká mi lára ni pé kò ríre kan láyé."

Aránṣọ gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tó ku ọ̀la kí wọ́n là mí, ó jókòó tì mí ní wọ́ọ̀dù. Ó ní òun ò tọrọ nǹkan rí fún ara òun, nítorí òun mọ̀ pé wọn ò ní fún òun. Ó ní ṣùgbọ́n òun fẹ́ tọrọ ẹyọ kan: kí òun ṣáájú mi lọ, nítorí òun ò mọ bí òun ṣe máa gbé inú ilé yìí láìsí mi." Ó ti ife tíì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ó rí i gbà. Èmi ni mi ò ríre níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n bo ojú.

"Kí ló dé tí ẹ dákẹ́?" ni obìnrin náà wí. "Ẹ máa sọ ọ́ lọ, mo fẹ́ máa gbọ́ nípa rẹ̀." Wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn o," ló wí fún gbogbo wọn. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta. Mi ò sọ ọ́ fún un tó."