Òkun Tí Kò Kí Baba

Agogo méjì ọ̀sán ni mo mọ̀ pé ẹ̀mí mi wà nínú ewu. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ́fíìsì dé pápá ilé-ìwé tí àwọn ará abúlé Gberefu sá wá ni, mo ti rán ìránṣẹ́ sí fóònù wọn pé ewu ti kọjá, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mú ìròyìn ayọ̀ wá. Gbogbo fóònù dún lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará Gberefu wo fóònù wọn, lẹ́yìn náà gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n wò mí. Ohun tí wọ́n kà ni: “Òkun ń bọ̀. Ẹ kúrò ní etíkun.”

Òkun ti wá láàárọ̀, òótọ́ ni. Ó rin iyanrìn, ó wó igi àgbọn mẹ́ta, ó sì padà síbi tó ti wá. Ìkìlọ̀ tí mo rán ló jẹ́ kí gbogbo abúlé sọdá ọ̀sà wá sí ìlú, pẹ̀lú ewúrẹ́, mátírẹ́ẹ̀sì àti tẹlifíṣọ̀n kan. A ti ṣe àdéhùn nípàdé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ padà nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu. Fóònù ló máa sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ ìpàdé yẹn.

Èmi ni mo ń mójú tó sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń rán ìkìlọ̀ sí fóònù wọn. Ìwé girama ni mo kà mọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́ náà. Inú sáfà ni àwọn ìránṣẹ́ ti máa ń tò sí ìlà, bí èrò ṣe ń tò ní èbúté. Bí ti iwájú kò bá tíì wọkọ̀, ti ẹ̀yìn kò lè lọ. Kí ti iwájú tó lè kúrò lórí ìlà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ oókan lórí fóònù rẹ̀ láti fi hàn pé ó ti gbà á. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, sáfà yóò máa tún un rán sí gbogbo abúlé ní wákàtí-wákàtí.

“Fóònù ta ni ká fi sí i?” ni ẹnjiníà tó wá gbé sáfà kalẹ̀ bi mí nígbà náà. Ó yẹ kí n sọ pé tèmi. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á ní mo gba ipò àgbà. Mo ní kó fi ti Baba, olórí abúlé. Mi ò sọ fún Baba.

Mo sá sẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́, mo pe ẹnjiníà.

“Kò sí wàhálà, sà,” ó ní. “Mo ń wò ó báyìí. Ìránṣẹ́ kankan ò sọnù. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.”

“Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n sì fẹ́ pa mí? Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀!”

“Ìkìlọ̀ òkun, sà? Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lè pa á rẹ́. Ẹ ní kí Baba tẹ oókan.”

Nígbà tí mo jáde, obìnrin kan tó fi ẹja sílẹ̀ lórí ààrò nílé dúró dè mí.

“Bàbá Kọ̀ǹpútà, òkun yín dà?”

“Ó ti lọ, ìyá. Ẹ máa lọ sílé.”

“Fóònù ò sọ bẹ́ẹ̀. Àbí ẹnu yín ti di fóònù?”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Apẹja kan tí apá rẹ̀ tó itan mi kò rẹ́rìn-ín. “Tí òkun ò bá dé títí ọ̀la,” ó ní, “a ó di ọkùnrin yìí lókùn, a ó gbé e lọ bá a. Kó bá wa bi í léèrè ohun tó dá a dúró.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá Baba lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní pápá náà. Fóònù rẹ̀ wà lórí àga tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i ní Yorùbá, mo tún kí i ní Ègùn. Mo ní, “Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ oókan.”

Ó nawọ́ sí fóònù náà. “Láti àná ni eléyìí ti ń wọlé tọ̀ mí wá. Òkun ń bọ̀, òkun ń bọ̀. Kò kí mi láàárọ̀, kò kí mi lọ́sàn-án. Ìwọ dọ̀bálẹ̀. Ta ni òun?”

“Ẹ̀rọ ni, Baba.”

“Ta ló tọ́ òun?”

Èmi ni, ṣùgbọ́n mo yára dìde nílẹ̀.

Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì, mo kọ ìkìlọ̀ náà lákọ̀tun: “Ẹ kú àárọ̀ o, Baba. Ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ jọ̀wọ́, òkun ń bọ̀.” Mo tẹ̀ ẹ́. Kò rọ́pò ti àkọ́kọ́, ó lọ tò sẹ́yìn. Baba kò ní tẹ oókan àfi tí wọ́n bá kí i. Ìkíni kò sì lè dé ọ̀dọ̀ Baba àfi tó bá tẹ oókan. Mo jókòó, mo ń wo sáfà. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí mi.

Nígbà tí mo padà, apẹja náà ti rí okùn.

Mo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga fóònù náà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Baba, kì í ṣe èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ yìí o. Sáfà ni. Ó ní ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìnira àná. Ó ní kí ẹ má bínú.” Lẹ́yìn náà, ìyókù yọ lẹ́nu mi: “Èmi ni mo tọ́ ọ, Baba. Èmi ni mo ní kó máa dúró de ìdáhùn yín, tí mi ò sọ fún yín.”

Baba gbé fóònù náà sọ́wọ́.

“Dìde,” ó ní.

Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń bá wí tàbí sáfà, torí náà ìdajì ni mo dìde.

Ó tẹ oókan. Gbogbo fóònù dún: “Ewu ti kọjá. Ẹ padà sílé.” Ariwo sọ. Wọ́n ká mátírẹ́ẹ̀sì, wọ́n tú ewúrẹ́. Inú Baba ti yọ́, ló bá tún tẹ oókan fún ìyẹn náà. Gbogbo fóònù tún dún: “Ẹ kú àárọ̀ o, Baba. Ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ jọ̀wọ́, òkun ń bọ̀.”

Wọ́n sọ mátírẹ́ẹ̀sì kalẹ̀.

“Ó ti lẹ́kọ̀ọ́ wàyí,” obìnrin ẹlẹ́ja ní, “àmọ́ ó ṣì ń bọ̀.”

Baba nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Ó ń fi fóònù han àwọn tó wà nítòsí. “Ẹ wò ó, ó kí mi.” Ó tẹ oókan.

Mo sáré. Apẹja náà sáré tẹ̀ lé mi tòun ti okùn, ó sì dúró lẹ́yìn mi ní ọ́fíìsì títí mo fi kọ ọ́ tán: “Ẹ kú ọ̀sán o, Baba. Ewu ti kọjá. Ẹ padà sílé.” Mo tẹ̀ ẹ́. Fóònù apẹja náà dún lápò rẹ̀. Ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì, ó sì tún un kà. Lójú kọ̀ǹpútà, ìránṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù lórí ìlà dúró díẹ̀, ó sì pòórá. Baba ti tẹ̀ ẹ́.

Apẹja náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn rẹ̀.

“Ọkọ̀ wa la fi okùn yìí ń so tẹ́lẹ̀,” ó ní, ó sì jáde lọ sí èbúté.