Kẹ̀kẹ́ Tí Kì í Kúrò Lójú Kan

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ọkùnrin ọlọ́jà kan tan iná sí lójú mi, ẹ̀yìn ni mo fi rìn. Rọ́bà dúdú kan ni wọ́n tẹ́ lé e bí ẹní, rọ́bà náà sì ń sá lọ sẹ́yìn láìdúró. Ẹni tó bá gun orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rìn, bí kò bá rìn, yóò ṣubú.

"Mọ́mì, ẹ gorí ẹ̀, kí ẹ wò ó."

"Tí iná bá lọ nígbà tí mo wà lórí ẹ̀ ńkọ́?"

"Á dúró."

"Tó bá tún wá dé lójijì?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Mowé! Ìgbà wo ni iná dé lójijì rí?"

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gorí ẹ̀rọ náà.

Ìbàfo ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, kò jìnnà sí títì márosẹ̀. Ẹrù tòkunbọ̀ ló ń tà: fíríìjì, bẹ́ẹ̀dì onírin, àti àwọn ohun tí àwọn ará òkè òkun fi ń ṣe eré ìdárayá kí wọ́n tó sú wọn. Ìgbà yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ irú àwa. Orúnkún mi ọ̀tún ló gbé mi dé ìsọ̀ náà.

Bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ lọ́dún tó ṣáájú ló dojú dé lójú títì. Mo wà lórí ìjókòó mi, mo ń wo ojú fèrèsé. Ohun tí mo tún rí lẹ́yìn ìyẹn ni àjà ọsibítù. N kò mọ ohun tó wà láàárín méjèèjì. Àwọn mìíràn tí a jọ wọkọ̀ kò lajú mọ́. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ mi, eegun sì jinná, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú u, orúnkún náà ti le gan-an bí igi, kò ká mọ́.

Obìnrin tó ń bá wa na ẹsẹ̀ ní ọsibítù kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní kí n máa ṣe eré ìdárayá nílé lójoojúmọ́. Ó ní bí orúnkún náà kò bá ká dáadáa kí n tó padà wá rí dókítà, wọn yóò fún mi ní abẹ́rẹ́ oorun, wọn yóò sì fi agbára ká a. Ó tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ oorun nìkan ni mo gbọ́. Mo ti sùn lẹ́ẹ̀kan rí láìmọ̀ pé mo sùn. N kò fẹ́ irú oorun bẹ́ẹ̀ mọ́.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni à ń gbé. Ibi kan ṣoṣo tó ṣófo ni àárín bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Mo fi gèlè mi wọn ibẹ̀, mo ta kókó síbi tó parí sí, mo sì mú gèlè náà lọ sí Ìbàfo. Gbogbo ohun tí ọkùnrin náà fi hàn mí ni mo ń tẹ́ gèlè lé. Ẹ̀rọ onírọ́bà kọjá kókó náà. Irin gbígbé kò gba àyè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ló wà fún. Sípíríìn kan wà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tì. Mo wò ó títí, mo rò ó pé bó bá já, ojú mi ni yóò bá.

Ìgbà náà ni mo rí kẹ̀kẹ́ náà. Kò ní táyà. Irin róbótó kan tó wúwo ló wà níwájú, ẹsẹ̀ irin gbọọrọ ló sì fi dúró sílẹ̀. Gèlè mi tó o.

"Kí ló ń gbé èyí?"

"Ẹsẹ̀ yín ni."

"Kò ní gbéra níbi tó wà?"

"Mọ́mì, ẹ lè wà á títí tẹ́ ẹ fi rò pé ẹ ti dé Ìbàdàn. Ìbàfo níbí náà lẹ máa bá ara yín."

Ó dì mí mú, mo gun orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó dáa tẹ pẹ́dà lọ sílẹ̀, èyí tó le bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀. Ó dé ibì kan, ó dúró. Mo tẹ̀ ẹ́ padà sẹ́yìn, mo tún gbìyànjú, ibẹ̀ náà ló tún dúró sí. Síwá, sẹ́yìn, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọkùnrin náà gbé ìjókòó sókè, síbẹ̀ kò yí po.

"Mọ́mì, mi ò ní purọ́ fún yín. Èyí ò bá yín mu."

Mo kí i, mo wọkọ̀ lọ sílé. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó sí láti ìgbà tí bọ́ọ̀sì ti dojú dé, ọwọ́ mi a sì di irin ìjókòó mú títí ọwọ́ náà yóò fi kú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ohun mìíràn gba ọkàn mi. Kí ló dé tí pẹ́dà náà ń dúró síbì kan náà? Ibi tí ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an ni, kò sì ti ẹsẹ̀ mi kọjá ibẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ onírọ́bà ìbá wọ́ mi. Dókítà yóò fi agbára ká a nígbà tí n kò bá mọ ara mi. Nínú gbogbo wọn, kẹ̀kẹ́ yìí nìkan ló ń dúró níbi tí mo bá dúró. Bó bá jẹ́ pé ibi tó dúró sí lónìí nìyí, ṣé ibẹ̀ náà ni yóò dúró sí lọ́la?

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi.

"Kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ ò lè yí, òun lo fẹ́ rà?"

"Òun ni."

"Aláìléyín tó ń ra eegun."

"Tí mo bá ń lá a lójoojúmọ́, bóyá eyín á hù."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì bá mi lọ rà á. Ó wọ àyè rẹ̀ rẹ́gí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kò ṣí tán mọ́, ẹ̀gbẹ́ la fi ń yọ aṣọ.

Ìyá onílé wa, Alhája àgbàlagbà kan tí wọ́n bí sí àdúgbò náà kí àwa ará Èkó tó dé, wá wò ó. Wọ́n rìn yí i po.

"Ẹ̀yin ará Èkó yìí! Ẹ ń sá fún ọkọ̀ lójú títì, ẹ wá ra kẹ̀kẹ́ sínú yàrá."

"Ẹ má bínú, mà. Kì í lọ síbì kankan."

"Kí ló wá wà fún?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n ní kí n dì wọ́n mú, wọ́n gun orí rẹ̀, wọ́n sì wà á dáadáa ju èmi lọ. "Ó dáa o," ni wọ́n wí. "Kò sẹ́ni tó máa fọn fèrè lé mi níbí."

Àràárọ̀ ni mò ń gun orí rẹ̀. Ibi tí pẹ́dà bá dúró sí, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára irin. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ìlà tuntun ń bọ́ sórí ti àná. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, ẹsẹ̀ náà a tilẹ̀ padà sẹ́yìn. Ìyẹn mú mi ronú. Mo gbé omi kaná, mo ri aṣọ bọ inú rẹ̀, mo dì í mọ́ orúnkún kí n tó bẹ̀rẹ̀; ìlà gòkè díẹ̀. Mo dán an wò láìlo omi gbígbóná lọ́jọ́ kejì, kò gòkè. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, mò ń bi í ní ìbéèrè, ó ń dá mi lóhùn. Alhája a dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Ó ti dé ibo lónìí?" bí ẹni ń bi èrò ọkọ̀ léèrè.

Ọ̀sẹ̀ tí mo máa rí dókítà kù sí dẹ̀dẹ̀, ìlà kò sì tíì dé òkè. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, pẹ́dà náà gòkè, ó gbọ̀n, orúnkún mi ta bí iná, ó sì kọjá. N kò mọ̀ pé irin wíwúwo iwájú yẹn, bó bá ti yí lẹ́ẹ̀kan, kì í fẹ́ dúró. Ó gba ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́ mi, ó tún yí i po.

"Mo gbé o!"

Ọkọ mi sá jáde láti ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú, ó di kẹ̀kẹ́ náà mú.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó gbé mi lọ!"

"Ibo ló gbé ọ lọ? Ṣebí ibi tí mo fi ọ́ sí náà lo wà."

Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá èèṣì ni.

"Ẹ dì mí mú. Ẹ má fi mí sílẹ̀ o. Mo fẹ́ wò ó bóyá á tún ṣe é."

Ó dì mí léjìká, ọṣẹ ń kán sí mi lára. Pẹ́dà gòkè, ó kọjá.

Nígbà tí mo dé ọsibítù, dókítà ní kí n sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ó di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú, ó ká orúnkún náà, ó nà án, ó tún ká a. Ó ní ó kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń ṣe nílé ni kí n máa ṣe lọ.

"Abẹ́rẹ́ oorun ńkọ́, sà?"

"Kò sí ohun tá a fẹ́ fi ṣe mọ́."

Mo tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún sọ ohun kan náà. Kíá ni mo sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì náà, mo wá bàtà mi, mo sì jáde kí ó tó yí ọkàn padà.