Ohun Tí Akítọ̀ Sọ Nídìí Àkàbà

Mo rántí ìgbà tí orúnkún ọkùnrin kan tí kò mọ̀ wá rí dá ìjà sílẹ̀ ní àgbàlá wa ní Bè, ní ìlú Lomé. Ọkùnrin náà kì í ṣe ará Lomé, kì í ṣe ará Ọ̀fà tí a ti wá, kò sì dá mi lójú pé ó tilẹ̀ mọ̀ pé ibì kan ń jẹ́ Tógò. Òṣèré ni, inú sinimá la ti mọ̀ ọ́n. Akítọ̀ ni gbogbo wa ń pè é, bí a ti ń pe ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ akọni nínú eré, ẹni tí ọta ìbọn ń yà fún, tí ọ̀tá mẹ́wàá ń tò dúró dè kí ó lè lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin kan ṣoṣo ló de sinimá lágbàlá wa: Akítọ̀ kì í kú. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ó lè darúgbó.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Mo ti ṣe ìdánwò bákì, tí a fi ń jáde ilé ìwé girama, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti kọ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Mò ń ta ṣájà fóònù létí ọjà, ṣùgbọ́n n kò ka ara mi sí oníṣájà. Ògbufọ̀ ni mo ka ara mi sí. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun alásárì, a máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n sábẹ́ igi máńgòrò, a ó ki kílé bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ohun bí ìka ọwọ́ tí wọ́n ń kó sinimá sí, àwọn èèyàn wa tó ń ṣòwò ládùúgbò yóò sì gbé àpótí ìjókòó wá. Faransé ni wọ́n ń sọ nínú àwọn sinimá náà. Faransé tí àwọn èèyàn wa gbọ́ kò sì kọjá ti ọjà: èló ni, ó ti wọ́n jù, gba èyí. Akítọ̀ kì í nájà, nítorí náà wọn kì í gbọ́ ohun tó ń wí. Èmi tí mo kàwé dé lísè, ilé ìwé girama àwọn Faransé, ni mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí mò ń sọ ọ́ di Yorùbá fún wọn.

Níbi tí mo bá ti gbọ́, mo túmọ̀. Níbi tí n kò bá ti gbọ́, mo túmọ̀ náà. Ọ̀tá lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, kí n fi òwe méjì àti èpè kan túmọ̀ rẹ̀, inú àwọn èèyàn a sì máa dùn. Wọ́n ní Akítọ̀ gbọ́n, pé bí ó ti ń sọ̀rọ̀ jọ ti ẹni tí àgbà tọ́. N kò sọ fún wọn pé ìyá mi àgbà ló ni òwe náà.

Ẹni tó fẹ́ràn Akítọ̀ jù ni Bàbá Káfíńtà. Òrùlé ni bàbá yìí ń kàn, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa, ó sì máa ń ní bí ilé kan kò bá jò ní Bè, kí a bi onílé náà léèrè ẹni tó kan páànù rẹ̀. Nínú apá kìíní sinimá tí mò ń sọ yìí, orí òrùlé ni Akítọ̀ ti ja gbogbo ìjà rẹ̀, ó ń fò láti orí ilé kan dé òmíràn. Bàbá yóò na ìka sí i, yóò ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀! Orí ìlà ìṣó ló ń tẹ̀. Ibẹ̀ ni igi wà lábẹ́ páànù. Ọkùnrin yìí mọ òrùlé." Mo rò pé òun nìkan ló rí ẹsẹ̀ Akítọ̀ nínú gbogbo wa. Bàbá ní ọmọbìnrin kan tó ń dirun fáwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni ìyàwó mi lónìí, nítorí náà n kò ní í sọ púpọ̀ nípa ẹwà rẹ̀, kí ó má baà ní mo dín in kù. Nígbà náà, kò tíì wo ibi tí mo wà rí. Bí n bá ní kí n sọ òtítọ́, ìdajì òwe tí mò ń fi kún ọ̀rọ̀ Akítọ̀, torí kí òun àti bàbá rẹ̀ lè gbọ́ ni.

Ọdún bíi méje lẹ́yìn tí wọ́n ṣe apá kìíní ni wọ́n gbé apá kejì jáde. Àwọn èèyàn pọ̀ débi pé àwọn kan gun igi máńgòrò. Ni Akítọ̀ bá jáde: irùngbọ̀n funfun, awò lójú, ó sì di ìbàdí mú kí ó tó dìde lórí àga. Ẹnì kan ní, "Ó ń díbọ́n ni, ó fẹ́ tan ọ̀tá jẹ." A dúró dè é kó yọ irùngbọ̀n náà kúrò. Kò yọ ọ́.

Nígbà tó yá, a dé ibi tó dìjà. Àwọn ọ̀tá ti de èèyàn kan mọ́lẹ̀ lórí ilé gíga kan, wọ́n fi àkàbà ti ògiri. Akítọ̀ débẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ti kọ́ ní ìjà. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó wòkè, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan lóhùn ìsàlẹ̀: "J'ai peur." Ẹ̀rù ń bà mí, ìyẹn ló wí. Ọmọbìnrin náà gun àkàbà lọ, ó ja ìjà náà tán pátápátá, Akítọ̀ sì wà nísàlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú.

Bàbá Káfíńtà yí ojú sí mi. "Kí ló wí?"

Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Ó ní, 'Jẹ́ kí ọmọdé ṣíwájú, kó lọ fi ara gba ìyà díẹ̀. Bó bá di ọ̀la, èmi fúnra mi yóò gun òrùlé yìí, ilẹ̀ yóò sì mì tìtì.'"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá kan ní Faransé mà ń gba ẹrù o, pé ọ̀rọ̀ bíńtín báyìí ló kó gbogbo ìyẹn sínú. Ọ̀la tí mo wí kò dé títí sinimá fi parí. Mo ní apá kẹta ló wà.

Lọ́jọ́ kejì ni Télọ̀ tó ń ránṣọ ládùúgbò wa dé. Ará ìhà Kétu ti apá Faransé ni, ó gbọ́ Faransé gidi, ó sì ti dá wo sinimá náà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dúró láàárín àgbàlá pẹ̀lú okùn ìwọ̀n aṣọ lọ́rùn, ó ní, "Wọ́n ti ba Akítọ̀ jẹ́! Ẹni tó fi ọwọ́ kan ju ọkùnrin méjìlá sílẹ̀, òun ni wọ́n wá sọ di adi-àkàbà-mú? Ẹ̀rù ń bà mí ló wí! Mo fetí ara mi gbọ́ ọ."

Bí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan ní àwọn tó ṣe sinimá ṣẹ̀, pé bí wọn kò bá mọ ohun tí wọn yóò fi àgbà ṣe, kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú apá kìíní tó ti jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn kan ní bí a bá dàgbà, à á yé ogun jà, pé kí ni ó kàn wọ́n nínú orúnkún olórúnkún. Ọ̀rọ̀ náà dé ọjà, ó dé Wásáàpù, ó dé ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá, débi pé ọkùnrin kan fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹ́rin torí pé ó ń jà. Ọmọ Bàbá Káfíńtà gbé òòyà sókè láti ẹnu iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kó máa fò títí yóò fi fò bọ́ sínú sàárè ni? Inú sinimá yẹn kọ́ ló ti darúgbó. Ilé rẹ̀ ló ti darúgbó kó tó wá."

Bàbá kọjú sí Télọ̀. "Akítọ̀ kì í bẹ̀rù. Ògbufọ̀ ti túmọ̀ rẹ̀ fún wa."

Gbogbo ojú bá kọ sí mi. Mo lè fi òtítọ́ parí rẹ̀ níbẹ̀. Mo wo Télọ̀ lójú, mo ní, "Kílé tìrẹ ni kò dára." Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí tó fi lọ.

N kò mọ̀ pé irọ́ náà ti ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Légbassito, létí ìlú, fún Bàbá, òòyì sì ti kọ́ ọ lórí àkàbà lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ gòkè, kí òun dúró nísàlẹ̀. Bàbá dá a lóhùn níṣojú gbogbo àgbàlá, "Akítọ̀ ní òun yóò gùn ún lọ́la, tòun ti irùngbọ̀n funfun. Èmi wá ni kí n sá?" Ọmọ náà wá bá mi nídìí tábìlì ṣájà mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wá bá mi sọ̀rọ̀, mo sì ti ń tún ẹ̀wù ṣe.

Ó ní, "Kí ni ọkùnrin yẹn sọ?"

"Ta ni?"

"Má ta mí ní ṣájà. Kí ló sọ nídìí àkàbà?"

Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà mí."

Kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Ó ní, "Ọjọ́bọ̀ ni bàbá mi ń gòkè. Bó bá já bọ́, ìwọ ni n ó mú lọ sí Ọ̀fà, kí o lọ túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ kí Bàbá láràárọ̀. N ó dọ̀bálẹ̀, n ó béèrè àlàáfíà, n ó béèrè òjò, n ó béèrè iye tí wọ́n ń ta páànù, n ó sì padà sílé. Ojú ń tì mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá jẹ́wọ́ ẹyọ kan, wọn yóò bi mí nípa ìyókù, orúkọ ògbufọ̀ yóò sì bọ́ lára mi, èmi tí bákì ti kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀ ṣe dé bá mi. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà wọn, Bàbá ti lọ. Ọmọ rẹ̀ kàn wò mí. Mo bẹ́ gun ọ̀kadà zẹ́mí, mo ní kó máa sáré. Ó sáré títí dé Agoè, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti dí wa lọ́nà, mo sì ń gbàdúrà lẹ́yìn rẹ̀ sókè débi pé ó bi mí bóyá ènìyàn kú. Mo ní kò tíì kú.

Nígbà tí mo dé Légbassito, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ti wà lókè lórí igi òrùlé. Bàbá wà láàárín àkàbà. Ó dì mọ́ ọn pẹ̀lú apá méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń gbọ̀n, kò gòkè, kò sọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń wolẹ̀, wọ́n ń ní, "Bàbá, ẹ máa bọ̀ o," wọ́n sì ti ń wo ara wọn lójú. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti kọ́ bí a ti ń di òòlù mú.

Mo la ẹnu láti kígbe pé ẹ̀rù ló ba Akítọ̀. Báwo ni n ó ṣe pariwo ẹ̀rù sí ọkùnrin yìí létí àwọn ọmọ wọ̀nyí? Mo ní, "Bàbá! Mo ṣì í túmọ̀ o!"

Kò wolẹ̀. "Kí lo ṣì túmọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ Akítọ̀! Kò sọ pé òun yóò gùn ún lọ́la. Ohun tó sọ fún ọmọ yẹn ni pé, 'Ìwọ máa gòkè. Èmi ni n ó di àkàbà mú. Bí kò bá sí ẹni gidi nídìí àkàbà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wà lórí òrùlé.'"

Ó wá wolẹ̀. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí, Bàbá."

"Níṣojú gbogbo ènìyàn?"

"Níṣojú gbogbo wa."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan, ó sinmi, ẹsẹ̀ kejì, ó sinmi. Èmi ni mo di àkàbà mú. Bí ó ti tẹ ilẹ̀, ó nu ojú, ó wòkè, ó sì kígbe mọ́ wọn: "Ta ló di àkàbà yìí mú fún yín láti àárọ̀? Ẹ fẹ́ kú ni? Páànù kẹta yẹn wọ́! Ẹ tú u!" Wọ́n tú u. Ó wọ́ lóòótọ́. Wọ́n gbé àga fún un, ó jókòó sídìí àkàbà, ó sì bú wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i pé òwe kan jẹ́ òótọ́ láìjẹ́ pé èmi ni mo fi sí i.

Bàbá kò gun òrùlé mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ àkàbà tan kálẹ̀ ní Bè, ẹni tí kò wo sinimá náà pàápàá ń sọ ọ́. Télọ̀ wá bá mi. Ó ní òun ti tún un wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun kò gbọ́ ibi tí Akítọ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀. Òógùn bò mí. Ó wo iwájú ilé Bàbá, níbi tí Bàbá jókòó sí tó ń bú ẹnì kan nítorí ìṣó. Ó ní, "Bóyá wọ́n gé e kúrò nínú tèmi," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, n kò gbé aṣọ fún télọ̀ mìíràn.

Nígbà tí mo ti fẹ́ ọmọ Bàbá Káfíńtà, tí ojú bàbá náà sì ti ń ṣú, ó pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ògbufọ̀, kí ni Akítọ̀ sọ gan-an?" Mo sọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo rí ojú rẹ̀ nídìí àkàbà yẹn. Ta ló ń bẹ ògbufọ̀ lọ́wẹ̀ láti wo ojú?"

Mo ní, "Ẹ mọ̀, ẹ sì gun àkàbà?"

"Ẹni tó ti fi ẹnu gun òrùlé níṣojú gbogbo àgbàlá, kí ni yóò fi sọ̀ kalẹ̀? Ìwọ lo gbé mi gùn ún. Ìwọ náà lo sì sọ̀ mí kalẹ̀." Ó tún ní, "O mọ irọ́ pa, ọmọ yìí."

Bàbá ti lọ báyìí. Mo ṣàárò rẹ̀. Apá kẹta sinimá náà sì ti jáde. Akítọ̀ kò dìde lórí àga láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn ọ̀dọ́ sì ń bú ara wọn lórí Wásáàpù nítorí rẹ̀. N kò bá wọn dá sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, atẹ́gùn ṣí páànù kan lórí ilé wa ní Agoè. Mo gbé àkàbà ti ògiri, mo gbé ẹsẹ̀ kan lé e, mo wòkè, mo sì gbé ẹsẹ̀ náà kúrò. Ìyàwó mi dúró, ó ń wò mí.

Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà mí."

N kò fi òwe kankan kún un. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó gba òòlù lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ di í mú dáadáa o, Ògbufọ̀." Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti dé orí páànù, orí ìlà ìṣó ló sì ń tẹ̀.