Yàrá Ooru Moríkẹ́

Moríkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ni òtẹ́ẹ̀lì tó sún mọ́ òkun jù lọ ní Ararọ̀mí. Nígbà tó kọ́ ọ, tirẹ̀ kọ́ ló sún mọ́ òkun jù. Àwọn ilé tó wà níwájú rẹ̀ ti lọ.

Búlọ́ọ̀kù ló fi kọ́ ọ. Àwa tó kù, pákó là ń lò. Bí òkun bá dé, a ó tú ilé, a ó kó o sínú ọkọ̀, a ó tún un kàn sẹ́yìn. Bí wọ́n bá rí ọ tí o ń yọ ìṣó lára ògiri, ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́ ní nǹkan kan. Kálukú á kàn lọ wo ilé tirẹ̀.

Àwọn àlejò Moríkẹ́ ń wá láti Àkúrẹ́ àti Èkó, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń gba ìfọwọ́ra. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í wá mọ́. Ilé yẹn ni gbogbo ohun tó ní, ilé tó bá sì ṣófo pẹ́ kò lè bọ́ onílé.

Báyọ̀, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé Àkúrẹ́, ló mú ọ̀rọ̀ sọ́nà, yàrá ooru tí èèyàn ti ń làágùn, wá. Yàrá pákó kékeré ni. Kò ní iná igi, kò ní èéfín. Ìtànṣán kan tí ojú kì í rí ló ń jáde lára ògiri rẹ̀, ara èèyàn ló ń mú gbóná, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Báyọ̀ ní sólà òtẹ́ẹ̀lì lè gbé e. Ó ní àlejò tó bá jókòó síbẹ̀ á fẹ́ sùn di ọjọ́ kejì. Ó ní orúkọ ìlú gan-an ti polówó rẹ̀: ara rọ̀ mí.

Ìsìmáílà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n pè láti gbé e dúró nínú òtẹ́ẹ̀lì. Ìkọ́ ni wọ́n fi so àwọn ògiri rẹ̀ pọ̀, èèyàn méjì lè tú u kí ìrẹsì tó jinná. Ìsìmáílà ní òyìnbó tó ṣe é ti gbé etí òkun rí.

Moríkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó fi irin bóótì dè é mọ́lẹ̀, kí ó sì da kọnkéré sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ìyá Báyọ̀, ohun tó ní ìkọ́?” Ìsìmáílà bi í.

“Bàbá Sàlímátù, ẹni tó bá rí ìkọ́ á ní mo ti ń múra àtisá.”

“Àlejò kò mọ ìtumọ̀ ìkọ́. Àwa la mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ̀yin gan-an ni mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí i.”

Ìsìmáílà da kọnkéré.

Owó tí Moríkẹ́ ná sí i kò ṣòfò. Òjò dé, àlejò sì dé, pàápàá àwọn tí orúnkún ń dùn. Hánà tó ń tọ́jú yàrá ń pè é ní ilé ìyanja. Bí ẹnì kan bá jáde tó ń làágùn, á ní, “Ẹ padà wọlé, ẹ̀gbẹ́ kejì ò tíì jinná.” Moríkẹ́ ti ń sọ pé òun á ra èkejì.

Lẹ́yìn náà ni yanrìn abẹ́ ògiri òtẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í bá òkun lọ. Ògiri sán. Àwọn aládùúgbò ń yọ ìṣó, ìró òòlù wọn ń wọ inú yàrá ooru. Àlejò kan bi Hánà pé kí ni wọ́n ń kọ́. Hánà ní wọn ò kọ́ nǹkan kan.

Báyọ̀ pè. Ó ní òun ti rí ilé kan ní Igbókọ̀dá, níbi tí òkun ò lè dé. Kí ìyá òun fi òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, kí ó gbé sọ́nà wá. Ibikíbi tó bá wà, àlejò á wá a lọ.

Moríkẹ́ ránṣẹ́ sí Ìsìmáílà. Ó mú òòlù àti irin wá. Ó tú gbogbo ìkọ́, ògiri sọ́nà kò kúrò nílẹ̀. Ó lu kọnkéré. Bó ṣe ń lù ú ni ògiri òtẹ́ẹ̀lì ń sán sí i. Ó gbé òòlù sílẹ̀.

“Bí mo bá lù ú mọ́, ilé á wó lé wa lórí.”

Moríkẹ́ ní kí ó tún fi ìkọ́ kọ́ ọ. Obìnrin náà wọ yàrá ooru, ó jókòó, ó tan iná. Omi ń lọ, ó ń bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Òógùn bò ó. Ìsìmáílà dúró lẹ́nu ọ̀nà títí.

“Ìyá Báyọ̀, ṣé ara ti rọ̀ yín?”

Moríkẹ́ pa iná, ó dìde, ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fi òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ láì ti ilẹ̀kùn.