Ìyẹ̀fun Ọ̀tá àti Agbo Ìyá Mi

Bí mo ṣe gbé Ìdòwú, ọmọ àbúrò mi obìnrin, kúrò lórí ẹní ni mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń pa. Ibà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré nílé, ẹ ṣọ́ èyí: ibà tó ń lọ tó tún ń bọ̀ kò tíì lọ.

Ìyá mi se ewé orúwo àti èèpo igi awọ́pa, ó fi wẹ ọmọ, ó sì fún un mu. N ò ní pe agbo nírọ́. Òun ló wò mí dàgbà. Òógùn bo ọmọ, ara rẹ̀ tutù, ó jẹ ẹ̀kọ. Kò pẹ́, ibà padà tìbínú-tìbínú. Gbogbo ohun tó bá mu ló ń bì. Abẹ́ ìhà òsì rẹ̀ le, níbi tí à ń pè ní ọlọ inú. Ibà tó bá pẹ́ lára ló ń mú un wú. Lẹ́yìn náà gìrì mú un: ojú rẹ̀ yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń já.

Kíníìnì, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń wo ibà, wà ní àgọ́ òyìnbó. Àgọ́ yẹn kan náà ló mú bàbá Ìdòwú lọ ru ẹrù, tí kò sì tíì padà. Nítorí pé mo ka ìwé díẹ̀ ní Àjàṣẹ́, èmi ni wọ́n rán. Akọni ni mí: lọ́nà Ìkpìnlẹ̀, mo sá fún ewúrẹ́ kan wọ inú oko àgbàdo.

Ní àgọ́, wọ́n sá àwa tó wá gba oògùn sóòrùn bí ẹ̀gẹ́. Nígbà tó kàn mí, olùtọ́jú aláìsàn ibẹ̀ ju ìdì ìyẹ̀fun mélòó kan sí mi bí ẹni ń fún adìẹ lóúnjẹ. "Ìdajì ìdì kan fún ọmọ, àárọ̀ àti alẹ́. Kúrò níbẹ̀!"

Nígbà tí mo délé, àbúrò mi dí ẹnu ọ̀nà mọ́ mi. "Ẹni tó jí ọkọ mi gbé ni yóò wo ọmọ mi sàn? Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé májèlé yẹn jìnnà!"

Ìyá mi ní, "Ohun tó bá tọwọ́ ọ̀tá wá, ẹni tó gbé e wá ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a nílé yìí. Ó yá, lá a."

Kí wọ́n má bàa pè mí ní ojo, mo da odindi ìdì mẹ́ta sẹ́nu. Ewúro dùn jù ú lọ! Láìpẹ́ etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ilé oyin. Kíníìnì tó pọ̀ jù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún mi? Mo dùbúlẹ̀ lágbàlá, mo pín ọkọ́ mi fún ará ilé, mo sì fi ibi tí wọ́n máa sin mí sí hàn wọ́n. Gbogbo wọn jókòó tì mí, wọ́n ń wò mí. Nínú yàrá, Ìdòwú ń kérora. Oògùn wà nílẹ̀, ọmọ ń lọ, ikú mi là ń dúró dè.

Nígbà tó yá, ìyá mi bèèrè pé, "O ò tíì kú?"

"Ó kù díẹ̀, ìyá."

"Iṣu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ dà?"

Mo wo àwo. Ó ti ṣófo.

"Òkú tó ń jẹun!" Ìyá mi pòṣé. Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. Ó já ìdì kan gbà lọ́wọ́ mi, ó bu ìdajì, ó pò ó mọ́ ẹ̀kọ, ó sì rọ ọ́ sọ́mọ lẹ́nu tẹkúntẹkún.

Ìdòwú bi ti àkọ́kọ́. A tún fún un. Gìrì ò padà mọ́, ibà náà sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá bi mí, agbo tu ọmọ lára, kíníìnì ló bá ibà jà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí gìrì bá ti dé, ẹ má jókòó wo ojú ẹnì kankan, pàápàá ojú ojo bíi tèmi.

Ara kékeré yẹn ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó gba ìjà àwa àgbà mọ́ tirẹ̀, tí kò sì wó. N ò dúpẹ́ lọ́wọ́ àgọ́.

Lọ́jọ́ tí Ìdòwú dìde jókòó, ó jẹ ẹ̀kọ, ó lá ewé rẹ̀ mọ́. Ó wá gbójú sókè.

"Bàbá mi ńkọ́?"

Àbúrò mi yíjú sí mi, bí ẹni pé mo tún ní ìdì kan lápò. Mo wolẹ̀. Etí mi ṣì ń hó.