Igi Igbá Ìyá Ọkọ Mi Tó Wà Láàrin Omi

Ẹ fa àpótí sún mọ́ra, ẹ jókòó. Kí ẹni tó ní èpà lẹ́nu gbé e mì, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa rún èpà sí mi létí nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi. Òun fúnra rẹ̀ kò gba irú ẹ̀ láyè nígbà tó wà láyé.

Ìṣẹ́yìn la wà nígbà náà. Ọkọ mi ń hun òfì ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, èmi ń rán an pọ̀ di aṣọ. Ó máa ń kó aṣọ lọ tà lápá etí òkun, ibẹ̀ ló sì ti yan ọ̀rẹ́ kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Bàbá Ìbejì là ń pè é. Ó fẹ́ràn àtimáa fi òkun yangàn: òkun wọn tóbi, erékùṣù wọn pọ̀, wọ́n ń ta ìgbòkun láti ọ̀kan dé òmíràn bí ẹni ń lọ kí aládùúgbò. Ọkọ mi, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn, dá a lóhùn pé àwa náà ní òkun nílé, tiwa kò tilẹ̀ níyọ̀. Omi tí wọ́n sé ní Ìkéré ló ń pè bẹ́ẹ̀, omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí oko wa. Òun alára kò ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ rí.

Ká tó ṣẹ́jú, ìsinmi ọdún Àjíǹde dé, Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú okùn, àjẹ̀ ìtukọ̀ mẹ́ta àti apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ kan.

"Ọ̀rẹ́, a ti dé o! Níbo ni òkun náà wà?"

Ọkọ mi wò mí. Mo wo òrùlé.

Ìyá ọkọ mi ló dáhùn láti inú yàrá: "Ọ̀la la ń lọ. Èmi náà ń bá yín lọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lé e. Ìyá ní igi igbá kan lórí òkè kékeré kan lóko. Ìyá tirẹ̀ ló fún un. Èso igi náà ló fi ń ṣe irú, irú náà ló sì fi tọ́ ọmọ. Nígbà tí omi gun oko, òkè yẹn yọrí, omi yí i ká. Nínú ìdílé wọn, a kì í fi ẹnu lásán fún ènìyàn ní igi. Ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ mú ẹni tó fẹ́ fún dé ìdí rẹ̀, kí ọwọ́ àwọn méjèèjì jọ kan èèpo rẹ̀, kí ẹni tí kì í ṣe ará ilé sì máa wò wọ́n. Bí ẹni tó ni igi bá kú láìṣe bẹ́ẹ̀, àkọ́bí ọkùnrin ló ni ín. Àkọ́bí Ìyá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, sì ti ń bá àwọn elédùú kan ní Òkákà sọ̀rọ̀ pé igi ńlá kan ń bọ̀. Etí Ìyá gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú, igi wà láàrin omi, ẹni tó máa gé e sì wà nínú ilé ń jẹun rẹ̀. Ọkọ mi tó jẹ́ àbíkẹ́yìn ló fẹ́ fún.

Bàbá Ìbejì bèèrè àpò ìyẹ̀fun tí a óò tú fi ṣe ìgbòkun. Ọkọ mi fa ojú ro.

"Àpò ìyẹ̀fun kẹ̀? Nílé ahunṣọ?"

"Ọ̀rẹ́, afẹ́fẹ́ kò mọ aṣọ iyì."

"Afẹ́fẹ́ tiyín ni kò mọ̀ ọ́n."

Ló bá kó òfì tó hun fún ẹnì kan tó fẹ́ joyè jáde, ó ní kí n rán an pọ̀. Mo sì rán an bí mo ṣe ń rán òfì láti ìgbà tí mo ti mọ abẹ́rẹ́ í mú: fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí ẹni tó ni ín lè rí i tú nígbà tó bá sanra. N kò ronú pé afẹ́fẹ́ náà mọ aṣọ í tú.

Ẹ̀gbọ́n bá wa dé etí omi, nítorí Ìyá ní kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun kò pè é. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan tọ́ omi wò, ó padà sábẹ́ igi kan létí ibẹ̀.

"Igi tó bá wà nínú omi, igi ẹja ni. Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Jókòó síbẹ̀," ni Ìyá wí. "Bí ewúrẹ́ bá wá bá ọ, má lé e. Ẹ jọ ń bẹ̀rù omi ni."

A gba ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja, Bàbá Ìbejì gbé òpó dúró, ó ta òfì sí i. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, ó rẹwà. Ó gbé wa dé òkè àkọ́kọ́ tó yọrí nínú omi, a jẹ iṣu sísun pẹ̀lú ẹja àwọn àlejò. Ó gbé wa dé èkejì, aláǹgbá nìkan ló wà níbẹ̀. Ọkọ mi jókòó láàrin ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ náà mú, ó ń fi àgbọ̀n júwe àwọn òkè fún àlejò bí ẹni tó ti ń ti orí wọn bọ̀.

Bí a ṣe kọjú sí òkè Ìyá ni afẹ́fẹ́ òjò dé. Ojú rírán mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú, táá, táá, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀já òfì náà tó ya; ọkọ mi ń tẹnu mọ́ ìyẹn títí ó fi kú. Wọ́n kàn ń fì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí agọ̀ eégún ni.

"Eégún dé orí omi o!" Ìyá ń kígbe, ó ń pàtẹ́wọ́.

Ọkọ mi ti dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ ọkọ̀. Ó ń ka gbogbo kéwú tó mọ̀, ó tún ń ka èyí tí kò mọ̀.

"Dìde, wa ọkọ̀!" ni Bàbá Ìbejì wí.

"Mò ń gbàdúrà fún gbogbo wa ni!"

"Ọlọ́run ti gbọ́. Òun ló ní kí o dìde."

Ìyá Ìbejì ju àjẹ̀ kan sí mi. "Ìyàwó, bí ẹni ń ro ọkà ni. Fà á wá sọ́dọ̀ ara rẹ." Mo bá ro omi náà títí apá mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, a sì gúnlẹ̀.

Igi náà dúró sójú kan, èso kún un. Láti ọkọ̀ dé ilẹ̀, omi kò ju orúnkún lọ. Ìyá fọwọ́ ti èjìká Ìyá Ìbejì, ó bọ́ sílẹ̀, èmi náà tẹ̀ lé e. Ó kọjú sí ọkọ mi.

"Ọmọ mi, bọ́ sílẹ̀."

"Ẹ máa lọ, Ìyá. Mò ń ṣọ́ ọkọ̀."

"Ta ló fẹ́ jí i? Ẹja?"

A rẹ́rìn-ín. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ rọ̀. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí ẹkún wà nínú ohùn náà. Ọkọ mi na ẹsẹ̀ kan síta, ó fà á padà.

"Ìyá, ẹ má bínú. N kò lè ṣe é."

Ìyá yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbá ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ bí mi. Ìyàwó kì í jogún."

"Mo mọ àwọn tí mo bí. Ọ̀kan wà lábẹ́ igi létí omi lọ́hùn-ún, ọ̀kan wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Rìn."

Ó gbé ọwọ́ mi lé èèpo igi náà, ó gbé tirẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Èèpo náà le bí ẹ̀yìn aláǹgbá. "Má jẹ́ kí àáké kàn án," ló sọ. Bàbá Ìbejì ṣí fìlà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló ṣe ẹlẹ́rìí.

Ọ̀gìnnìtìn tó tẹ̀ lé e ni Ìyá kú. Bí a ṣe ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tán ni Ẹ̀gbọ́n dìde láàrin àwọn àgbà ilé, ó ní a kò gbọ́ ọ rí pé ìyàwó jogún igi. Baálé fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ìdí igi la ti ń fún ni ní igi, ibẹ̀ náà la ti ń gbà á padà. Lọ fọwọ́ kàn án, kó di tìrẹ."

A tẹ̀ lé e lọ sí etí omi. Mo tilẹ̀ bá a yá ọkọ̀. Ó wo omi náà láti ìyálẹ̀ta títí a fi kírun Alásàrì. Kò sẹ́ni tó tì í, kò sẹ́ni tó dá a dúró. Nígbà tó yá, ó bèèrè bóyá mọ́tò ṣì wà tó ń padà sílé.

Báyìí ni ogún náà ṣe pín. Ẹ̀gbọ́n mú yàrá Ìyá àti àgùntàn rẹ̀ mẹ́rin. Ọkọ mi mú ẹní ìkírun rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ lórí rẹ̀. Èmi mú igi, mo fi ṣe irú fún ogún ọdún ó lé. Nígbà tí apá mi kò gbé àjẹ̀ mọ́, mo mú àkọ́bí mi obìnrin dé ìdí rẹ̀, mo fi apẹja kan ṣe ẹlẹ́rìí. Ọwọ́ rẹ̀ ni igi náà wà.